A1 tó wà lórí ìwé, tí kò sí nínú ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lẹ́nu. Iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣe fún ọdún méjìlélógún, nítorí náà ohun tójú mi rí ni mo ń sọ, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Bàbá kan ló mú ọmọ ẹ̀ obìnrin wá sílé mi láàárọ̀ Sátidé kan. Ọmọ náà ti wà ní yunifásítì, ó sì ti fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní máa ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní GST. Bàbá ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi o. A1 lọmọ yìí gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC." Mo ní ó dáa. Mo fún ọmọ ní bébà àti bírò, mo ní kó kọ ojú ewé kan péré lórí ìdí tó fi yan iṣẹ́ tó ń kọ́. Wákàtí kan gbáko, ìlà mẹ́rin ló kọ, ìlà kìn-ín-ní ò sì mọ ohun tí ìkejì ń sọ. Mo wá bi í pé ibo ló ti ṣe WAEC. Ó wo bàbá ẹ̀, bàbá ń wolẹ̀. Àṣé owó ni wọ́n san níbi tí wọ́n ń pè ní "miracle centre", ojú pátákó ni wọ́n kọ ìdáhùn sí fún wọn!

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Nínú WAEC, máàkì 50 ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ tó 450 ọ̀rọ̀. 10 wà fún ohun tó ní í sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe lo èdè, 10 tó kù wà fún sípẹ́lì àti àmì. JAMB ńkọ́? Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, A, B, C tàbí D ni wọ́n máa yàn, wọn ò ní kọ gbólóhùn kan fúnra wọn. Ìyẹn ni pé bẹ́ ẹ bá fowó ra àròkọ WAEC fọ́mọ, ó lè wọ yunifásítì láìkọ ojú ewé kan látinú ọpọlọ ara ẹ̀ rí. Bó bá sì dọdún tó máa jáde, wọ́n á ní kó kọ project. Ta ló máa bá a kọ ìyẹn sójú pátákó?

Àwọn òbí mìíràn wà tó jẹ́ èdè Yorùbá ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Wọ́n á ní kẹ́nikẹ́ni má bá ọmọ àwọn sọ Yorùbá nílé, kí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ lè dáa. Irọ́ gbuu ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ dán an wò n'Ífẹ̀ láti 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà níṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní pírámárì, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹni tí ò lè rò ó já lédè ìyá ẹ̀, kí ló fẹ́ kọ lédè òyìnbó?

Ibẹ̀ náà lèmi àti ọmọbìnrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó fi Yorùbá sọ fún mi bí ìyá ẹ̀ ṣe ń ta ata. Ẹ wá wo ẹnu! Ó sọ ibi tí wọ́n ti ń rà á, ìdí tó fi ń wọ́n láwọn àsìkò kan, àti bí gbèsè oníbàárà ṣe ń dá ọjà dúró. Mo ní, "Ohun tó o sọ yẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tiẹ̀." Ojú ewé kan lójúmọ́, èmi náà pẹ̀lú bírò pupa mi, oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tó tún kọ́ọ̀sì ẹ̀ ṣe, C ló gbà.

Bàbá ẹ̀ wá kí mi, ó ń ṣe bí ẹni tínú ẹ̀ ò dùn tó. Mo ní, "Alàgbà, A tẹ́ ẹ rà, ti pátákó ni. C yìí, ọmọ yín ló ni ín. Owó tí mo sì gbà lọ́wọ́ yín ò tó ìdajì èyí tẹ́ ẹ kó fún wọn níbẹ̀." Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ra èsì fọ́mọ mọ́. Ẹ ra bébà àti bírò fún un, kẹ́ ẹ sì ní kó kọ̀wé. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.