Dídán Nìkan Kọ́ Ni Kọ́bọ́ọ̀dù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọ̀pọ̀ onílé tó ń tún ilé ìdáná ṣe lónìí, àwọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè: ṣé funfun ni àbí aláwọ̀ eérú, ṣé èyí tó ń dán bíi dígí ni? Wọn kì í bi gbẹ́nàgbẹ́nà léèrè pé pákó wo ló wà lábẹ́ dídán náà.

Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. MDF, tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tẹ́jú, ó sì ń gba ọ̀dà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí omi bá ráyè wọ etí rẹ̀, yóò wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Ìrókò wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìkán àti omi kì í tètè bà á jẹ́.

Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìrókò. Kí onílé ná owó igi gidi sí abẹ́ síńkì, níbi tí omi ti ń jò. Kí ó fi MDF sí òkè tó gbẹ, kí wọ́n sì lẹ etí rẹ̀ pa yíká. Àwọ̀ tó ṣá ṣeé tún kùn. Pákó tó ti wú, àfi kí wọ́n yọ ọ́ dànù.