Ṣọ́jà Tí A Kò Mọ̀: Ta Ni Kò Mọ̀ Ọ́n?



Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kí ó nù lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú yóò sunkún, yóò sì dákẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù, bí ajá bá gbó lóru, yóò ṣí fèrèsé. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, àwọn ọ̀gá ńlá a fi òdòdó sí ibojì ṣọ́jà tí a kò mọ̀, wọn a tú ẹyẹlé sílẹ̀. A kò ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ṣọ́jà náà? Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé tí ń san owó oṣù rẹ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé.

Ẹ wo ogun Bọ́mà. Ní 1944, ìbọn àwọn Jàpáánì bá Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ni wọ́n ṣẹ́kù sínú igbó. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù 9. Bí kì í bá ṣe ti àgbẹ̀ yẹn, òun náà ì bá di ṣọ́jà tí a kò mọ̀.

Àwọn tí kò rí Shuyiman ńkọ́? Ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon, orúkọ bí 27,000 ni wọ́n kọ sára òpó ìrántí, gbogbo wọn ẹni tí a kò mọ sàréè wọn, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà sì wà nínú wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni owó oṣù rẹ̀ lè gbé e dé Bọ́mà?

Ti ogun 1914 sí 1918 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2021, ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ibojì ológun ní Ìlú Ọba fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé, ó kéré tán, òkú 116,000, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn Áfríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbi kankan. Ní 1923, Guggisberg tó jẹ́ gómìnà Gold Coast ti sọ pé òkúta orí sàréè kò lè yé ọmọ ilẹ̀ náà. Ẹ gbọ́ o! Àwa aláwọ̀ dúdú tí à ń sin baba wa sínú yàrá!

Kí a má di ẹ̀bi lé òyìnbó nìkan. Ní Metele, ní Borno, ní oṣù kọkànlá 2018, iye ṣọ́jà tí àwọn ológun ní ó kú àti iye tí àwọn ìwé ìròyìn kọ kò bára mu rárá. Àwọn tó wà láàárín iye méjèèjì dà? Òfin Ẹ̀rí wa ti 2011 ní ẹni tí a kò gbúròó fún ọdún 7 ni kí a kà sí òkú. Lándílọ́ọ̀dù kì í dúró fún ọdún 7. Bí lọ́rì bá kúrò ní Ìbàdàn tí kò dé Kánò, ṣé ọdún 7 ni à ń dúró kí a tó wá dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ?

Ohun tí a ń bèèrè kò le. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó nù sára ògiri ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ti Bọ́mà, ti ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ní ìhà méjèèjì, títí dé ti Borno. Kí wọ́n má sì dá owó oṣù ẹni tó nù dúró nígbà tí wọ́n ṣì ń wá a.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní ẹni tó lọ tí kò dé, kí ó mú orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka wa kí oṣù yìí tó parí. Bí kò bá mọ nọ́ńbà, orúkọ tó.