Bàtà Tó Ya Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

JSS 2 ni mo wà, ọ̀rọ̀ bàtà ni mo sì fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí bàtà ẹ̀ bá ti ya rí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ní táàmù tó kọjá, búùtù awọ tí mo fi ń ṣe kádẹ́ẹ̀tì bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kó tó kàn mí. Òjò pa wá ní pápá, búùtù náà sì rin gbìndìn. Torí mo fẹ́ kó tètè gbẹ, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná lẹ́yìn kíṣìnì. Áà, mo jẹ̀bi! Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, awọ ti le bíi páànù, ó ti sán níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ká, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì là níwájú bí ẹnu ọ̀nì. Nígbà tí wọ́n wá yẹ yàrá wò lọ́jọ́ Sátidé, sẹ́níọ̀ wa gbé e, ó jù ú sórí ààtàn. Ó ní, "Ìdọ̀tí nìyẹn." Mo dúró kó lọ tán, mo lọ mú un padà.

Màlámù kan wà tó máa ń kọjá lẹ́nu géètì wa, tó ń fi igi lu àpótí rẹ̀, kó, kó, kó. Iṣẹ́ bàtà rírán ló ń ṣe. Mo na búùtù sí i láàárín irin géètì, mo sì dúró wò ó. Ó fi sáńdípépà ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun pa ojú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò lẹ̀ wọ́n pọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní, "Baba, ẹ lẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí." Ó mi orí, ó ní, "Yaro, ka yi haƙuri," ìyẹn ni pé kí n ní sùúrù. Gọ́ọ̀mù yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀ kó tó lè mú. Lẹ́yìn náà ló fi hámà lù ú, ó fi irin ṣóńṣó lu ihò yípo, ó sì fi òwú tó ti fi àbẹ́là pa rán an. Ó lẹ awọ pẹlẹbẹ sínú ibi tó sán. ₦1,500 ló gbà. Mọ́mì mi ti béèrè tuntun lọ́jà, ₦20,000 ni wọ́n pè é.

Tèmi tiẹ̀ rọrùn, mo rówó san. Bàtà ọ̀rẹ́ mi kan já, ó wọ sílípáàsì lọ kọ tẹ́ẹ̀sì Máàsì, wọ́n lé e jáde. Nígbà tí wọ́n máa fi gbà á wọlé, àwọn yòókù ti ń dá pépà padà. Kò lè pe ìyá ẹ̀, torí ó mọ̀ pé ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ owó kún owó iléèwé ni. Ṣé ẹ rí i? Abẹ́rẹ́ àti òwú ì bá ti yanjú ẹ̀.

Ó tún dùn mí torí pé Zaria la wà. Ní Samaru níbí ni Nigerian Institute of Leather and Science Technology wà, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ awọ. Láyé àtijọ́, awọ tí àwọn òyìnbó ń pè ní awọ Morocco, Kánò àti Sókótó ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, ràkúnmí ló ń gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Nílé wa náà, àwọn oníṣọ̀nà awọ wà ní Ọ̀yọ́ tó ń ṣe tìmùtìmù àti àpò. Àwa tí a wà láàárín irú àwọn èèyàn báyìí la wá ń ju awọ sórí ààtàn!

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa máa sọ: ìgbà yìí kì í ṣe ìgbà tí à ń ṣí géètì fún àlejò. Òótọ́ ni, ẹ̀rù ń ba àwa náà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí Màlámù wọlé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ní Sátidé, kí kápútéènì ilé kọ̀ọ̀kan kó bàtà tó ya sínú àpò, kí orúkọ wà lára wọn, kí ó kó o fún baba tó ń ṣọ́ géètì. Màlámù á jókòó síta níbi tí wọ́n ti ń rí i. Kí sẹ́níọ̀ kankan má sì ju bàtà ẹlòmíì nù mọ́ láìbéèrè.

Àwa náà, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Bí bàtà awọ bá rin, ẹ má gbé e síbi iná, ẹ má sá a sí oòrùn gangan. Ẹ ki bébà sínú ẹ̀, kí ẹ gbé e síbòòji. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á. Ohun tí ọyẹ́ Zaria ń ṣe sí ètè wa náà ló ń ṣe sí awọ. Tí òwú kan bá já, ẹ rán an lọ́jọ́ náà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i kí táàmù yìí tó parí. Búùtù mi ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá wò ó.