Ta Ló Ń San Owó Káàdì Yín?

Ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ àwọn ará wa tó ń gbá géèmù káàdì orí blockchain lẹ́nu: pé géèmù náà ń sanwó. Wọ́n á ní bàbá ń gbá a lẹ́nu iṣẹ́, ìyá ń gbá a ní ìsọ̀, àwọn ọmọ ń gbá a bí wọ́n bá ti iléèwé dé, gbogbo ilé sì ń rí ti ọbẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ohun tí géèmù náà ń tà tó fi rówó san fún odindi ìdílé, wọ́n á máa wò yín bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Èmi náà á béèrè, mà á sì dáhùn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn géèmù yìí tó ń sanwó fún ìdílé yín. Ẹlòmíràn tó ń gbá a bíi tiyín ló ń san án, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá sì ṣíwọ́, owó ti tán.

Splinterlands ni mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà lórí blockchain tí wọ́n ń pè ní Hive ló ti fọwọ́ kàn án. Ọdún 2018 ni Jesse Reich àti Matthew Rosen dá a sílẹ̀ lórí blockchain mìíràn, Steem; Steem Monsters ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ọdún 2020 ló kó lọ sórí Hive. Dọ́là 10 lẹ óò kọ́kọ́ fi ra ohun tí wọ́n ń pè ní Summoner's Spellbook kí àkáǹtì yín tó lè máa gba èrè. Káàdì ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún yín lè jà, ṣùgbọ́n ẹ kò lè tà á. Ẹ óò wá ra káàdì gidi, tàbí kí ẹ háyà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní in, kí owó háyà sì máa jáde lójoojúmọ́. Tí ẹ bá borí, tókìn ni wọ́n ń fún yín: DEC láyé ijọ́un, SPS nígbà tó yá.

Ibi tókìn yìí gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bí i, kò sì ná ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà ní nǹkan kan láti fi mílíọ̀nù kan rẹ̀ ta yín lọ́rẹ. Kì í di owó àfìgbà tí ẹnìkan bá fi owó gidi rà á lọ́wọ́ yín. Ta wá ni ẹni náà? Ẹni tó fẹ́ fi háyà káàdì ni, tàbí ẹni tó fẹ́ ra tiẹ̀, tàbí ẹni tó gbà pé yóò wọ́n jù báyìí lọ́la. Èsúsú là bá fi wé, ṣùgbọ́n èsúsú sàn jù ú lọ: kò sí ẹni tó ń pariwo pé èsúsú ń sanwó, gbogbo wa la mọ̀ pé owó àwọn tó dá a lẹni tó kó ń kó, olórí èsúsú sì mọ ẹni tó kàn. Nínú géèmù yìí, ẹni tó tètè dé lè ti kó tiẹ̀ lọ kí ẹni tó kẹ́yìn tó mọ̀ pé òun lòun ń dá a.

N kò pè é ní jìbìtì o. Ètò sogúndogójì MMM tó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ará Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 kò ní ọjà kankan lọ́wọ́. Splinterlands ní géèmù, géèmù tó fẹ́ ọpọlọ pàápàá. Ìṣirò àwọn tó ń gbá a ni mo ń bá jà.

Ẹ wo iye tókìn náà. Ní oṣù Keje ọdún 2021, SPS kan ń lọ sí bíi dọ́là kan. Kí ọdún 2022 tó parí, kò tó sẹ́ǹtì márùn-ún. Ṣé àwọn ọmọ yín gọ̀ sí i láàárín ìgbà náà ni? Rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tilẹ̀ ti mọ ìjà náà jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tuntun tó ń rọ́ wọlé pẹ̀lú dọ́là lọ́wọ́ ló dín kù, nígbà tí káàdì àti tókìn ń pọ̀ sí i. Chaos Legion nìkan, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2021, jẹ́ páákì mílíọ̀nù 15, káàdì márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káàdì mílíọ̀nù 75 nìyẹn. Bọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tó ń gbá géèmù fúnra rẹ̀, náà wà níbẹ̀ nígbà náà, tí kì í sùn, tí kì í jẹun, tó ń bá ọmọ yín du èrè kan náà lóru.

Àwọn ará Philippines ti rí èyí ṣáájú wa. Nígbà kòrónà, ìdílé púpọ̀ níbẹ̀ ń fi Axie Infinity, géèmù ilé-iṣẹ́ Sky Mavis ti Vietnam, wá oúnjẹ. Ẹni tí kò lágbára láti ra Axie, ẹranko inú géèmù náà, ń yá a lò lọ́wọ́ olówó, wọ́n á sì jọ pín èrè. Ní oṣù Keje ọdún 2021, SLP, tókìn rẹ̀, kọjá sẹ́ǹtì 30. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2022, kò tó sẹ́ǹtì márùn-ún mọ́, Sky Mavis fúnra rẹ̀ sì gé èrè SLP tí àwọn èèyàn ń rí lójoojúmọ́ kù, nítorí èyí tó ń jáde pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń lò lọ. Àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ kò rí ẹni pè lẹ́jọ́.

Àwọn kan á ní àwa pọ̀ nílé, àkáǹtì mẹ́rin ni tiwa. Ó dáa. Dọ́là 40 ti lọ kí ẹ tó ja ìjà kan tó lérè. Káàdì kan kò sì lè wà nínú àkáǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà: bí bàbá bá gbé káàdì dírágónì rẹ̀ fún àbúrò, òun náà yóò wá òmíràn háyà. Ẹni mẹ́rin nílò ẹrù mẹ́rin. Ìdílé tó pọ̀ ń ná púpọ̀ ni, kó tó kan èrè.

Ẹ̀rí tí wọ́n ń gbójú lé jù ló kù yìí, òun ló sì dùn mí jù, nítorí olóòótọ́ èèyàn ló ń mú un wá. Wọ́n á ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó ti lé sí i." Náírà ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ jẹ́ ká ní ìdílé kan fi dọ́là 400 wọlé ní àárín ọdún 2021, nígbà tí dọ́là kan wà ní bíi ₦500 lọ́wọ́ àwọn mọ́là tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó. ₦200,000 nìyẹn. Ká wá ní gbogbo káàdì wọn já sí dọ́là 150 ní ọdún 2024, tí dọ́là ti di ₦1,500. Ojú fóònù yóò sọ pé ₦225,000. Èrè ₦25,000! Bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó wọn ti wọlẹ̀, ó tilẹ̀ lé. Ní ọdún 2021, ₦200,000 yẹn ń ra àpò ìrẹsì bíi méje. Ní 2024, ₦225,000 kò ra mẹ́ta. Náírà tó ṣubú ni wọ́n ń pè ní ìtẹ̀síwájú ìdílé.

Kí náírà náà tó tún kan ọwọ́ wa, ìrìn wà níbẹ̀. SPS á kọ́kọ́ di HIVE, HIVE á di USDT, tókìn tó dúró fún dọ́là, USDT á lọ bá ẹni tí a kò mọ̀ rí lórí P2P, olúkúlùkù sì ń bù tiẹ̀ lọ́nà. Láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni CBN ti ní kí báǹkì pa àkáǹtì àwọn oníkírípítò dé. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ló tó dẹwọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Binance, ọjà kírípítò, kógbá náírà wọlé. Owó tó há mọ́nú SPS tí ẹ tì pa láti fi gba èrè, èyí tí wọ́n ń pè ní stake, tún ní sùúrù tiẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò fi jáde tán, iye rẹ̀ kì í sì í dúró dè yín.

Ẹni tó bá ní òun ń gbádùn rẹ̀, n kò bá a wí. Kó gbá a, kó sì kọ owó rẹ̀ sábẹ́ ìnáwó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó DSTV. Ẹni tó bá sì ní iṣẹ́ ni, kó gbé ìwé ìṣirò ilé rẹ̀ wá ká jọ kà á: dọ́là tó wọlé àti dọ́là tó jáde, kì í ṣe náírà, owó háyà, dátà fóònù mẹ́rin, àti wákàtí tí ọmọ ọdún méjìlá fi ń jà lálẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ iye kankan sí iwájú rẹ̀.