Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má kọ "Nil" sínú CV yín, ẹ má sì parọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní 300 level fi CV rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ń wá ibi tí yóò ti ṣe IT. Ojú ìwé méjì ni. Èyí àkọ́kọ́ kún fún ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, "single" àti orúkọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ. Níbi tó yẹ kó kọ ìrírí iṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo rí: "Nil."

Mo pè é. Mo ní, "Ta ló ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà fún mọ́mì ẹ ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Èmi ni, bọ̀ọ̀dá."

"Ta ni akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yín?"

"Èmi náà ni."

"Kí ló wá dé tóo fi kọ Nil?" Ó ní òun rò pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ń ṣe báyìí. Wọ́n á kọ ibi tí wọ́n ti wá, wọn ò ní kọ ohun tí wọ́n ti ṣe. Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ò wá àna o, kí ló fẹ́ fi "single" ṣe? Fọ́ọ̀mù ìjọba ló kọ́ wa láṣà yìí. Lóòótọ́, abala 14 ìwé òfin 1999 ní ìpínlẹ̀ díẹ̀ ò gbọdọ̀ gba gbogbo ipò ìjọba àpapọ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù wọn. Iléeṣẹ́ aládàáni tí kò béèrè, ẹ fi àyè yẹn kọ iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Lójú agbẹjọ́rò, ẹ̀rí ni CV. "Mo jẹ́ akápò" kò tíì fi nǹkan kan hàn. "Mo gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 180, mo sì ṣírò rẹ̀ níwájú ìpàdé nígbà méjì lọ́dún" ni ẹ̀rí. Ohun tẹ́ ẹ ṣe, iye rẹ̀, ibi tó yọrí sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni IT. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ni wọ́n ń rán àwọn kan rà ní gbogbo oṣù mẹ́fà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tọrọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ tiyín, kódà kó jẹ́ títo fáìlì. Ojú ìwé kan ti tó.

Ẹlòmíì ò kọ Nil ní tiẹ̀, irọ́ ló ń kọ. Lọ́dún 1999, Salisu Buhari di olórí ilé aṣojú-ṣòfin. Ó ní òun kàwé gboyè ní Yunifásítì Toronto, ó sì fi kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwé ìròyìn tú àṣírí rẹ̀, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiẹ̀ ò pé oṣù méjì.

Lónìí, ọjọ́ orí náà làwọn ọmọ ń parọ́ lé, àmọ́ àdínkù ni tiwọn. Mo mọ ohun tó fà á. Iléeṣẹ́ á ní ẹni tó ti ju ọdún 26 lọ kò gbọdọ̀ kọ̀wé wá. ASUU yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún 2020, ó tún yan oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022. Ta ló jẹ ọdún yẹn mọ́ ọmọ lọ́wọ́? Ìwà ìkà ni kí iléeṣẹ́ tún fi jẹ ẹ́ níyà, ó sì yẹ kí wọ́n jáwọ́.

Síbẹ̀, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ dín in kù. Tí wọ́n bá gbà yín síṣẹ́ tán tí wọ́n wá rí irọ́ náà, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín fún wọn ní ìdí láti lé yín. Tó bá wá jẹ́ ayédèrú ìwé ẹ̀rí lẹ fi tì í lẹ́yìn, ẹjọ́ ọ̀daràn ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ ChatGPT tó ń kọ Python àti SQL sínú CV ẹni tí kò mọ ọ̀kankan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ní ìntáfíù ti tó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún tiẹ̀ kọ. Ojú ìwé kan ni, ṣọ́ọ̀bù mọ́mì ẹ̀ ló ṣíwájú. Ó ti fi ránṣẹ́ síbi mẹ́rin, a ṣì ń retí èsì.