‘Ara mi le’ kò tó àyẹ̀wò

Bí wọ́n bá kí Yorùbá pé ṣé àlàáfíà ni, èsì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wa: a dúpẹ́. Ẹni tí orí ń fọ́ yóò dúpẹ́, ẹni tí kò sùn mọ́jú náà yóò dúpẹ́, nítorí pé ọmọlúàbí kì í ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún gbogbo ayé. Mi ò bá àṣà náà jà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ wa ti sọ èsì ìkíni di èsì àyẹ̀wò dókítà.

Láìpẹ́ yìí, iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé ibi tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá lọ́fẹ̀ẹ́ nítòsí oríta Ọláìyá l'Óṣogbo. Àwọn ìyá ọlọ́jà tò lọ rẹrẹ, àwọn ọkùnrin dúró lókèèrè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kan ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò sìmẹ́ǹtì tán ni, kí ni òun fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe? Mo na apá tèmi. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó ní kí n jókòó sinmi, ó tún un wọ̀n: 148 lórí 94. Bẹ́ẹ̀ 140 lórí 90 ni wọ́n ti ń fura. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi, mo sì jẹ iyán yó lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Òsómàáló tí àwọn baba wa ń ṣe, bí ó bá tilẹ̀ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ nítorí gbèsè aṣọ, o rí i, o sì mọ iye tí o jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí yóò gba owó rẹ̀, rọpárọsẹ̀ ni, tàbí kíndìnrín. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nínú àwọn àgbàlagbà ẹni ọgbọ̀n ọdún sí mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó ní i, nǹkan bí 46 nínú 100 ni kò mọ̀.

Kì í ṣe pé ohun tí èèyàn ń sọ nípa ara rẹ̀ kò wúlò. Ní Manitoba, ní Kánádà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1982 fi hàn pé àwọn arúgbó tó ní ara àwọn kò dá tètè kú ju àwọn tó ní ara àwọn le dáadáa lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ara ń ro òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó ní kò sí nǹkan kan gan-an ni kí ẹ wọ̀n.

A máa ń fi àwọn obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ pé àròyé wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lóyún, wọ́n á wọn ìfúnpá wọn. Ọkùnrin lè pé àádọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó so nǹkan mọ́ ọn lápá. Àgbà ní ọjọ́ orí ló ń ṣe òun, ọ̀dọ́ ní àìsàn àgbà ni. Bí ọ̀kan bá wá ṣubú lójijì, a ó máa wá àjẹ́ kiri àdúgbò.

Ìjẹ̀ṣà kọ́ ló yẹ kó máa ṣe báyìí. David Morley, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dé ọsibítù Wesley Guild n'Íléṣà lọ́dún 1956, ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ṣètò pé kí wọ́n máa wọn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, títí kan èyí tó ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì fa ìlà rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ń tọ́jú. Bí ìlà bá ti wọ́, ìyá ti mọ̀ kí àìsàn tó fojú hàn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló gba káàdì yìí lò.

Kí ló dé tí a kò lè ṣe é fún baba ọmọ? Kí àwọn ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé wọn ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ ló gbé wá. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí gáréèjì, nítorí awakọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín l'Ọ́láìyá kò ní wá bá a nílé ìwòsàn.

Wọ́n ní kí èmi padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tún un wọ̀n. Bàbá mi yóò bá mi lọ láti Iléṣà. Ó ní kí n má gbàgbé o, mi ò ríran rí i pé nǹkan ń ṣe òun.