Wákàtí Mẹ́wàá Àkọ́kọ́ Ẹ́ńjìnì Tuntun

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ apẹja kì í wọ òkun ní Jamestown, ní ìlú Accra. Àṣà àwọn Ga tó ni ilẹ̀ náà ni. Ọjọ́ yẹn, wọ́n á fi òkun sílẹ̀ kó sinmi. Àwọn apẹja á jókòó sábẹ́ ibòòji, wọ́n á máa tún àwọ̀n ṣe. Àwọn mìíràn á gbé ẹ́ńjìnì kọ́ orí igi, wọ́n á tú u, wọ́n á nù ún. Ọjọ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì máa ń gbóná jù létíkun. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tuntun? Báwo ló ṣe ń ṣe sí? Ṣé kì í jẹ epo jù? Ṣé kò tíì kú sójú omi?

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́sẹ̀wọ́lẹ̀ lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ: igi wawa, èyí tí Yorùbá ń pè ní arère. Wọ́n á fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga sí i, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Láyé àtijọ́, àjẹ̀ àti aṣọ ìgbòkun ni wọ́n fi ń rìn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ẹ́ńjìnì ti wọ iṣẹ́ náà ní Ghana, ó sì gbé apẹja lọ sí ibi jíjìn tí ọwọ́ kò lè wà á dé. Ṣùgbọ́n ibi tí ó jìnnà yẹn náà ni ewu wà. Ìṣàn omi etíkun Ghana, ìhà ìlà-oòrùn ló ń lọ, sí ọ̀nà Togo àti Benin. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú lóru kì í dúró sí ojú kan. Bí ó ti ń gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ ni ilé wọn ń jìnnà sí i.

Ẹ́ńjìnì tí ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni Yamaha alágbára ẹṣin 40, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Enduro. Tú-sítíróòkù ni. Ọdún 1960 ni Yamaha bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní Japan, orúkọ rẹ̀ sì ti di ohun tí ọmọdé etíkun mọ̀. Ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ, síbẹ̀ èjìká ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé e dé inú ọkọ̀.

Owó rẹ̀ ló wá wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Ìjọba Ghana ti pín ẹ́ńjìnì fún àwọn apẹja ní ẹ̀dínwó nígbà mélòó kan, àmọ́ kì í kárí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń fi gbèsè rà á. Nígbà mìíràn, àwọn obìnrin tó ń ra ẹja tí wọ́n sì ń yan án ló ń yá wọn lówó. Títí tí gbèsè náà yóò fi tán, àwọn ni ẹja ọkọ̀ náà tọ́ sí. Bí wọ́n bá ta ẹja tán, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó epo àti owó oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín ìyókù. Àwọn tó lọ sókun á gba ìpín tiwọn, ọkọ̀ ní ìpín, àwọ̀n ní ìpín, ẹ́ńjìnì náà ní ìpín tirẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn ni. Nínú ìpín ẹ́ńjìnì yìí ni wọ́n ti ń san gbèsè rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì bá dákẹ́, kò sí ìpín fún ẹnikẹ́ni, gbèsè kò sì ní í torí ìyẹn dúró.

Ká ní ọlọ́kọ̀ méjì lọ sí ilé ìtajà kan náà, tí wọ́n ra irú ẹ́ńjìnì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èkínní ń sọ pé òun kò rí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ rí. Èkejì ń búra pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹni tó fẹ́ ra tirẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, orí rẹ̀ yóò sì dàrú. Kí ni òtítọ́ ibẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má parọ́. Ohun tí wọn kò sọ fún un ni bí kálukú ṣe lo wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Inú ẹ́ńjìnì tuntun dà bí ilé tí àwọn àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀. Písítìn àti sílíńdà kò tíì mọ ara wọn. Irin ṣì ń ha irin, títí ojú wọn yóò fi dán tí wọn yóò fi bára mu. Ẹ́ńjìnì tú-sítíróòkù kò sì ní àyè tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀ bíi ti mọ́tò. Ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ bẹntiróòlù ni gbogbo ohun tó ń mú inú rẹ̀ yọ̀. Bí ọ́ìlì náà bá kéré, tí ẹni tó ń wà á sì tẹ̀ ẹ́ dé òpin, irin á gbóná, á ha ara rẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà kò sì ní í jinná mọ́.

Nítorí èyí ni ìwé ìtọ́ni irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ fi ní ètò fún ìbẹ̀rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ó máa rọra ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n tó lọ sílẹ̀ jù lọ. Fún àádọ́ta ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, kí ó má kọjá ìdajì agbára. Ní wákàtí kejì, kí ó má kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Fún wákàtí mẹ́jọ tó kù, ó lè sáré dé òpin, àmọ́ kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín gbogbo àkókò yìí, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ibi tí ẹ́ńjìnì tó ti mọ́ra bá ti ń lo lítà ọ́ìlì 1 sí lítà epo 50, tuntun ń fẹ́ lítà ọ́ìlì 1 sí lítà epo 25. Àmọ́ o, ìwé tó bá ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan wá ló ni àṣẹ ìkẹyìn.

Ó rọrùn láti kà, ó ṣòro láti ṣe. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì tuntun bá dé, gbogbo etíkun ló ń wò. Àwọn ọ̀dọ́ inú ọkọ̀ fẹ́ mọ bó ṣe ń sáré tó. Olówó ń retí ẹja. Ọlọ́kọ̀ kejì inú àpẹẹrẹ wa kó ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti àwọ̀n rẹpẹtẹ sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì tẹ ẹ́ńjìnì náà dé òpin títí tó fi dé ibi ẹja. Ó dé ṣáájú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọlọ́kọ̀ kìíní fi ọkọ̀ òfìfo rìn lẹ́bàá etíkun ní òwúrọ̀ méjì, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń gbé ẹ́ńjìnì najú. Òwúrọ̀ méjì yẹn ni owó tó san jù tirẹ̀ kejì lọ, òun náà ni èrè tó ń jẹ lónìí. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ọ̀rọ̀ epo tún wà níbẹ̀. Ní Ghana, ìjọba ń dín owó epo kan kù fún àwọn apẹja, wọ́n ń pè é ní premix. Bẹntiróòlù tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́ ni, ẹ́ńjìnì tú-sítíróòkù ni wọ́n sì ṣe é fún. Ìrànwọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ohun méjì ló yẹ kí ẹni tó ní ẹ́ńjìnì tuntun fi sọ́kàn. Èkínní, ẹ́ńjìnì tó ti mọ́ra ni wọ́n po epo náà fún, nítorí náà tuntun ṣì nílò àfikún ọ́ìlì. Èkejì, premix kì í fi gbogbo ìgbà sí. Ẹjọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ tà ti pẹ́ létí àwọn ará Ghana. Bí kò bá sí, ọlọ́kọ̀ á ra bẹntiróòlù, á sì fi ojú wọn ọ́ìlì sí i. Ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Kí ó wá ike tí wọ́n fi àmì sí lára, kí ọ́ìlì náà sì jẹ́ ti ẹ́ńjìnì ojú omi, èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò.

Àwọn kan ti ń wo ẹ́ńjìnì fọ́ọ̀-sítíróòkù báyìí. Ohun tí àwọn tó lò ó máa ń yìn lára rẹ̀ ni pé ariwo rẹ̀ kéré, èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í sì í mu epo bíi ti tú-sítíróòkù. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wọ́n jù, ó wúwo jù, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀, premix olówó pọ́ọ́kú kò sì bá a mu. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, epo tí ìjọba dín owó rẹ̀ kù ló so apẹja Ghana mọ́ irú ẹ́ńjìnì kan. Ní etí omi Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ìṣirò náà yàtọ̀. Kò sí premix níbẹ̀, apẹja ló ń po epo fúnra rẹ̀, owó bẹntiróòlù sì ti fò sókè láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ẹni tó ń ra epo ní iye tí gbogbo ayé ń rà á lè rí i pé ẹ́ńjìnì tó ń mu epo díẹ̀ yóò san owó ara rẹ̀ padà bó bá pẹ́. Nítorí náà, kí ará Ìlàjẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ará Jamestown ra ẹ́ńjìnì, kí ará Jamestown náà má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn tí àwọn àgbà ọlọ́kọ̀ máa ń bi ẹni tó gbé orúkọ tuntun dé ni pé: ta ni yóò tún un ṣe, níbo sì ni ẹ̀yà ara rẹ̀ wà? Ìtàn Evinrude ti ìbéèrè yìí lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tó lọ́jọ́ lórí jù ni, ọdún 1909 ni Ole Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ BRP ní Canada, àwọn tó ń ṣe Ski-Doo, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín. Ní ọdún 2020, BRP dá ṣíṣe Evinrude dúró. Yamaha náà ti ń ṣe ọkọ̀ orí yìnyín láti ọdún 1968, àmọ́ ní ọdún 2023 ó kéde pé òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí orúkọ ńlá bá lè lọ bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ń kọ́? Ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú sí àárín yìnyín níbi tí kò sí ilé àti ẹni tí tirẹ̀ kú sójú òkun, ìṣòro kan náà ló bá wọn. Ẹ́ńjìnì tí pọ́lọ́ọ̀gì àti rọ́bà rẹ̀ wà nínú ọjà tó wà nítòsí sàn ju èyí tó dára ní Yúróòpù lọ.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni oògùn. Ìsinmi òkun yìí gan-an ni ọlọ́kọ̀ ọlọ́gbọ́n fi ń tọ́jú ẹ́ńjìnì. Á fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú rẹ̀. Á yọ pọ́lọ́ọ̀gì wò. Á tú ọ́ìlì gíà díẹ̀ jáde. Bó bá ti funfun bí omi ògì, omi òkun ti wọlé nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ padà sókun kí wọ́n tó pààrọ̀ rọ́bà tó ń dènà omi. Á wo ánóòdù, irin kékeré tí iyọ̀ ń jẹ dípò ara ẹ́ńjìnì. Ní Jamestown pàápàá, á wo ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa omi, nítorí ọ̀rá àti ike tí ọ̀gbàrá ń gbé wọ òkun ní Accra pọ̀ púpọ̀. Ọ̀rá kan ṣoṣo lè dí ojú ihò yẹn, kí ẹ́ńjìnì tuntun sì gbóná kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi tó máa ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ni àmì. Bí kò bá tú mọ́, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àjẹ̀ àti pọ́lọ́ọ̀gì àfikún kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀, nítorí kò sí ẹ́ńjìnì tó búra pé òun kò ní í kú.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun kò ṣe àṣìṣe tó bá lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ti rà á. Ìbéèrè ló yẹ kó pààrọ̀. Dípò kó béèrè bóyá ẹ́ńjìnì náà dára, kó béèrè bí wọ́n ṣe lò ó ní wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, irú epo tí wọ́n fún un, àti ẹni tó ń tú u. Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí láì ṣe wọ́yẹ́wọ́yẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kó gbé lọ sílé.